Ta Lẹ Fẹ́ Bá Gbá?

Ọkọ̀ tẹlifíṣọ̀n dé Vilarboi lọ́jọ́ Jímọ̀,
ó gùn ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ.
Ó fẹ̀yìn rìn wọ ọ̀nà tóóró,
ó wó ògiri òkúta Sabela,
àwọn màlúù Sabela dúró, wọ́n ń wò ó
bí ẹni ń wo àlejò tí kò kí onílé.
Kámẹ́rà mẹ́tàdínlógún
lórí pápá tí èmi Amaro fọwọ́ ara mi kun ìlà rẹ̀ lẹ́fun.

Òjò ń rọ̀. Òjò Galísíà kì í bínú,
kì í sì í dákẹ́.

Wọ́n nà wá, méje sí òdo.
Ayé rí Breixo, ọmọ wa, tó yọ̀ ṣubú sínú ẹrẹ̀;
wọ́n fi í hàn lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ewé tó ń já lórí igi,
kí ìràwọ̀ wọn lè gba ara rẹ̀ kọjá, kó máa dán.
Ní ilé ọtí kan ní Tókíò, wọ́n pàtẹ́wọ́.
Ìṣubú yẹn, ta ló tà á?
Ta ló gbowó rẹ̀?

Lẹ́tà dé lóṣù kẹta.
Celso akápò ka iye náà,
ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un kà.
Nínú ọgọ́rùn-ún tí kámẹ́rà pa,
àwọn ńlá méjì kó ọgọ́ta.
Àwa mẹ́rìndínlógún tó kù ń já ogójì mọ́ra wa lọ́wọ́.
Tiwa ò tó òrùlé tó ń jò sórí àwọn arúgbó.

Ìpàdé di Màdíríìdì.
Eudosia, ààrẹ wa, wọ ọkọ̀ ojú irin òru,
tòun ti búrẹ́dì àti wàràkàṣì nínú báàgì.
Ọkùnrin ẹgbẹ́ ńlá dìde, aago ọwọ́ rẹ̀ ń kọ yẹ̀rì:
"Àwa layé ń wò. Ẹni ayé ń wò ni kó jẹun.
Ta ló mọ Vilarboi?"

Eudosia ò dìde.
"Òótọ́ ni, ẹ̀yin ni wọ́n ń wò.
Lọ́jọ́ Túsìdeè tẹ́ ẹ gbá a láàárín ara yín,
kámẹ́rà mélòó ló wá?
Ẹnìkan kì í dá ìjàkadì jà.
Ẹni tó ní òun dá ènìyàn,
ẹ̀yìn ẹnìkan ló kan ilẹ̀.
Ẹ pín ìdajì dọ́gba.
Nínú ìyókù, ẹni tó borí kó mú tirẹ̀,
ẹni tí wọ́n wò jù kó mú tirẹ̀.
A ò ní kẹ́ ẹ wá bọ́ wa.
A ní kẹ́ ẹ má fi epo wa tan fìtílà yín.
Bẹ́ ẹ bá jẹ wá tán,
ta lẹ fẹ́ bá gbá?"

Ọkùnrin náà wo aago.
Wọ́n ní ó dọdún tó ń bọ̀.

Ẹ má jẹ́ n parọ́ ṣá.
Ọdún tí owó díẹ̀ kọ́kọ́ wọlé,
a ò kan òrùlé kankan.
A fi ra agbábọ́ọ̀lù kan láti Ajẹntínà
tí orúnkún rẹ̀ ti kú kó tó dé.
Eudosia fọwọ́ sí i, èmi náà pàtẹ́wọ́.
Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ ọ́ lówó
kò lè ní torí pé o máa ná an ní ìnákúnàá
lòun ò ṣe ní í san án.

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n nà wá, wọ́n ká wáyà wọn, wọ́n lọ.
Mo ń fi ṣọ́bìrì dí ojú táyà lẹ́yìn ilé gólù,
Sabela ń to òkúta rẹ̀ padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.
"Amaro, ṣé wọ́n fi màlúù mi hàn?"
"Wọ́n fi í hàn."
"Ó pẹ́ tó?"
"Kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì."
Ó gbé òkúta kan, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́.
"Bá mi bi wọ́n,
èló ni méjì?"