Ohun tí Iná Fi Sílẹ̀

Ní Dàda, l'Ókèlélé, ìyá mi Àsímáwù
kì í ka ìkòkò kí iná tó kú.
Ó ní iná ló ń yan tirẹ̀.
Èyí tó bá sán, ó di àfọ́kù;
èyí tó bá dún kooro nígbà tó fi ìka lù ú
ló ń lọ sọ́jà.

Àfọ́kù kan gún un lẹ́sẹ̀ nígbà ọyẹ́.
Ẹsẹ̀ wú. Ó rán Bùsàrí sí oníkẹ́míìsì
ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí kékeré:
kápúsù mẹ́wàá, pupa àti ìyeyè,
láìsí ìwé dókítà, láìsí ìbéèrè.
Ó lo mẹ́rin. Ẹsẹ̀ rọlẹ̀.
Ó fún ìyàwó Sùnmọ́nù ní méjì nítorí ikọ́,
ó so ìyókù mọ́ etí ìró.
"Oògùn kì í ṣe ẹ̀wà, a kì í jẹ ẹ́ tán."

Èmi tí mo ń fi awò wo kòkòrò jẹun,
mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹsẹ̀ yẹn.
Iná ọjọ́ méjì ni. Igi ò tó.
Àwọn tó rọ̀ sán,
àwọn tó le díẹ̀ jókòó sínú eérú,
wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà.
Ogún ìṣẹ́jú, ọ̀kan a di méjì;
láti Àlááṣárì sí Mọ̀ǹgàríbì
ọ̀kan ti di agboolé.
Ọgbọ́n tí ẹnìkan fi yè, wọ́n ń nà án síra wọn
bí a ti ń na iyọ̀ lórí ògiri sí ará ilé kejì,
wọn kì í béèrè ìran ẹni.

Òjò dé, ẹsẹ̀ tún wú. Ó tú kókó etí ìró,
ó gbé mẹ́rin mì.
Ẹsẹ̀ ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan kanlẹ̀kùn.

Mo gbin ọyún rẹ̀ sínú àwo pẹrẹsẹ,
mo to bébà oògùn mẹ́fà lé e, róbótó róbótó.
Ilẹ̀ mọ́, mo ṣí i.
Ibi tó yẹ kó mọ́ tónítóní yí bébà ká
bí àgbàlá tí a gbá,
ewéko funfun ti hù dé ìdí bébà márùn-ún.
Ọ̀kan ṣoṣo ló gbá àgbàlá tirẹ̀,
èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wọ́n ju ẹrù ìkòkò kan lọ.

Mo ya á sí fóònù, mo mú un lọ hàn án.
Ó wò ó títí.
Ó fi ìka lu ojú fóònù, ó dẹtí sí i.
"Wọ́n jinná," ni ó wí.
Kò rẹ́rìn-ín.
"Ta ló sun wọ́n?"