Ẹnu Àwẹ̀ró

Ẹja mi ń jẹun, wọn ò tóbi.
Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń da owó sómi
lẹ́yìn ilé wa l'Ómù-Àrán:
ẹ̀wà sóyà lílọ̀, eèrí àgbàdo, èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ.
Wọ́n á gbé e mì lówùúrọ̀,
wọ́n á yà á padà kó tó di ọ̀sán.
Omi dúdú, omi ń rùn.
Ìyàwó mi dúró létí adágún, ó fọwọ́ bomú:
"Sálíù, ìgbẹ́ lo ń sìn."

Ìbídùnní ọmọ Láńrewájú,
tó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ẹja n'Ílọrin,
ló mú lẹ́búlẹ́bú kan wá nínú ọ̀rá.
Ó ní ẹ́ńsáìmù ni.
Oògùn ni? Rárá.
Oúnjẹ ni? Rárá o, bàbá.
"Iṣẹ́ tí ikùn ẹja ò lè dá ṣe ló ń bá a ṣe.
Ohun tó dára wà nínú sóyà yẹn,
àmọ́ ó tilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀."

Mo gbọ́, n kò gbọ́.
Omi híhó ni mo fi po oúnjẹ náà,
kó lè ṣù, bí mo ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òfo.
Ọmọbìnrin náà dé, ó wo ìkòkò, ó wo ojú mi:
"Ẹ ti sè é pa.
Ẹ jẹ́ kó tutù ná kẹ́ ẹ tó wọ́n ọn.
Ṣíbí kan péré."

Òru ọjọ́ yẹn ni mo rántí Àwẹ̀ró,
ìyá tó bí bàbá mi, l'Árán-Ọ̀rin.
Ẹ̀pà ni mò ń sunkún sí, eyín mi ò sì tíì hù tán.
Á jù ú sẹ́nu ara rẹ̀,
á rún un, á rún un, á kúnná bí ògì,
á fi ìka kó o sí mi lẹ́nu.
Èmi ni mo gbé e mì.
Ta ló jẹ ẹ́?
Àwọn èèyàn rí mi, wọ́n ní ọmọ yìí mà ta yọ o.
Ẹnikẹ́ni ò wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá arúgbó.

Omi ti ń mọ́ díẹ̀ báyìí.
A gbé ọ̀kan sórí ìwọ̀n lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀:
ó ku díẹ̀ kó pé kílò kan.
Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan. Ó lọ mú ọ̀bẹ wá.

Lẹ́búlẹ́bú ti ń tán nínú ọ̀rá,
Ìbídùnní sì ní owó rẹ̀ ti gbẹ́nu sókè.
Mo bu ṣíbí kan. Mo gbọn àjẹkù rẹ̀ sílẹ̀.
Mo ń gbọ́ wọn lójú omi, ṣàpàṣàpà,
gbogbo ẹnu tí ò lè rún nǹkan.