Ẹni Tó Gbálẹ̀

Píjò bàbá mi kì í jò,
àfi ìgbà tí mo ra ọ́ìlì olówó ńlá, aláwọ̀ oyin,
ní Ṣàgámù. Owó obì ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà.
Ọjọ́ kẹrin, ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ dúdú.

Mo wà á lọ bá Ṣómúyìwá ní Ìpẹru,
láti ojú títì ni mo ti ń pariwo:
"Ọ́ìlì yìí ti ba ẹ́ńjìnì mi jẹ́!"

Kò dá mi lóhùn. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń rí,
àti sálúbàtà tó já lójú kan.
Ó pẹ́ kó tó na ọwọ́ síta:
rọ́bà tín-ín-rín kan, ó gan bí awọ tí oòrùn pa,
ó ti sán.

"Ìdọ̀tí ọ́ìlì àtijọ́ ló ń dí èyí lẹ́nu.
Tuntun wẹ̀ ẹ́ kúrò, ihò yọjú.
Ẹni tó gbálẹ̀ kọ́ ló gbẹ́ ihò eku."

Mo rántí bàbá mi,
bó ṣe máa ń ní, "Kò sóhun tó ń ṣe mí,"
tí yóò rẹ́rìn-ín,
tí yóò rọra fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú.

Mo sanwó rọ́bà.
Mi ò bú ọ́ìlì mọ́.