Orí Tuntun, Ara Àtijọ́

Wọ́n ní ẹnìkan kì í pààrọ̀ orí.
Èmi pààrọ̀ tèmi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan.
Orí Máàkì pupa ti dákú sẹ́nu iṣẹ́,
mo ra Dáàfù funfun, tòkunbọ̀,
ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn bí ológbò tó yó.
Mo wà á wọ Odògúnyàn, mò ń súfèé.

Àṣé orí lè dára kó má bá ara mu.

Mo fẹ̀yìn rìn lọ bá ara tirela,
tébù gbé kínpíìnnì mì, gbáà!
Ara náà gbé imú sókè
bí ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ ń sun rọ́bà.
Mútíátù ọmọ mi gbé ọsàn kan lé pákó tirela:
ọsàn yí, ó yí, ó já bọ́ lẹ́yìn.
Ọmọ rẹ́rìn-ín.
Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Mo ti rí táyà ẹ̀yìn tó jẹ dé wáyà
lọ́nà Ìtóíkìn, lóru, lábẹ́ ẹrù sìmẹ́ǹtì.

Káṣìmáwò wẹ́dà ní, "Ẹ jẹ́ n gé ẹsẹ̀ tébù,
kí n jó o padà, kílẹ̀ tó ṣú."
Mo bi í léèrè: tí ojú jíjó bá là
lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́,
ṣé ìwọ lo máa jókòó síwájú rẹ̀?
Ó wo bàtà rẹ̀.

Ẹnìkan gbé tébù kúkúrú wá láti Sábó.
Owó rẹ̀ rọ̀, ọ̀dà rẹ̀ ń dán.
Mo ki rúlà bọ̀ ọ́ lẹ́nu: ínṣì mẹ́ta àbọ̀.
Kínpíìnnì tèmi, ínṣì méjì.
Ó ní, "Yóò mú un, Alàájì."
Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, dé kòtò àkọ́kọ́.

Odùṣínà, àbúrò ìyàwó mi, bírìkìlà ni.
Òun ló gbé rọ́bà omi rẹ̀ wá,
èyí tó fi ń wọn ìpìlẹ̀ ilé.
Ó di etí kan mú níbi imú tirela,
mo di èkejì mú lẹ́yìn.
Omi ò mọ ilé iṣẹ́ tó rọ orí,
kò bèèrè iye tí mo fi rà á.
Ó lọ, ó bọ̀, ó dúró.
Odùṣínà fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà:
ínṣì márùn-ún,
kò tó gígùn bírò kan.
Ohun tó ń gbé oorun lójú mi nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí a tó rí i ní Ògíjó:
tébù ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, ẹnu ínṣì méjì,
bóòtù mẹ́jọ, ihò mẹ́jọ,
a ò lu ọ̀kan tuntun.
Mo tún ki ọwọ́ bọ abẹ́,
mo wọn àyè tó wà láàárín ikùn tirela àti táyà,
torí orí tó bá rẹlẹ̀ jù,
gegele kan ṣoṣo ni yóò fi jẹ táyà ara rẹ̀.
Ìbú ọwọ́ méjì ṣì kù. Ó tó.

Mútíátù tún gbé ọsàn lé pákó.
Gbogbo wa ń wò ó:
èmi, Káṣìmáwò,
Odùṣínà tí omi ṣì ń kán sí ṣòkòtò rẹ̀.
Eṣinṣin kan bà lé e, ó fò lọ.
Ọsàn ò mì.

"Bàbá, ṣé mo lè jẹ ẹ́ wàyí?"
Mo ní kó dúró díẹ̀ sí i.