Àwo Méje Tíṣà Ọ̀jẹ́wùmí

Màmá Dọ́káàsì ru àpótí kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Tákìẹ́,
ó fi etí ìró nu eruku orí rẹ̀.
"Bàbá tó bí bàbá mi ló wà nínú ibí yìí.
Bá mi tú u sílẹ̀."
Mo ní rédíò ni mò ń tún ṣe, n kì í jí òkú.
Kò dá mi lóhùn. Ó ti jókòó.

Àwo méje, dúdú, wọ́n wúwo ju bí ojú ti rí wọn lọ.
Ìkẹjọ, ó ní, ìyá òun fi dé àmù
títí ọjọ́ tí ewúrẹ́ kan gorí rẹ̀.

Orí Ọbabìnrin Fitóríà ṣì wà lára owó
nígbà tí wọ́n bí Náámánì ní Ìsàlẹ̀-Àfọ́n,
lágboolé ọlọ́jẹ̀,
níbi tí wọ́n ti ń daṣọ bojú pa ará ọjà lẹ́rìn-ín.
Bàbá rẹ̀ fà á lé òyìnbó onítẹ̀bọmi lọ́wọ́,
nítorí ìyàn ọdún náà, kì í ṣe nítorí Jésù.
Wọ́n gbé e ka iwájú dùùrù.
Ẹsẹ̀ ló ń fi tẹ̀ ẹ́,
bí ọmọ alágbẹ̀dẹ tó wà nídìí ẹwìrì.

Ó kọ orin Àjíǹde kan,
ogójì ojú ewé, ohùn mẹ́rin.
Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ ọ́.
Òun ló fẹ́ kí a fi máa rántí òun.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fi kọ ìkejì,
eré olórin fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́:
bàtà ẹsẹ̀ òsì kan ṣoṣo
lẹ́nu ọ̀nà ẹlẹ́mu.
Ta ló ni ín? Ègbè ń bèèrè, ta ló ni ín?
Díákónì fúnra rẹ̀ ló dìde pé òun yóò wá ẹlẹ́ṣẹ̀ náà rí.
Ó ń tiro.

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, àfi ẹnì kan.
Ní Mọ́ńdè, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ dùùrù lọ́wọ́ tíṣà.

Òyìnbó oníṣòwò ránṣẹ́ pè é wá sí Èkó.
Ó kó ọmọkùnrin mẹ́sàn-án wọ rélùwéè,
ó gbé Àjíǹde sí abíyá.
Wọ́n ní ojú àwo kan kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.
Òkú wo ni yóò jíǹde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta?
Bàtà ni wọ́n gbà.

Àjíǹde padà wálé, ó sùn sí òkè àjà.
Ikán ló kọ́kọ́ kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo ra abẹ́rẹ́. Mo gba ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà lọ́wọ́ màmá,
ẹ má bú mi, abẹ́rẹ́ wọ́n.
Àwo ń yí. Ó ń ta ṣaa bí epo tó ń dín nǹkan,
kí àwọn ọmọ náà tó yọ láti inú epo yẹn,
mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, gbogbo wọn ti kú,
ohùn ọ̀kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ́, ó ń sáré bo ara rẹ̀.
Ọlọ́kadà méjì pa ẹ̀rọ wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù.
"Ta ló ni bàtà?" ni ọ̀kan ń bi èkejì.

Ní òpin àwo keje, lẹ́yìn tí orin ti dákẹ́,
ẹnì kan wúkọ́.
Ohùn àgbàlagbà, ohùn ará Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an,
bi ẹni tí a kò rí pé:
"Ṣé ó ti tán?"

Màmá Dọ́káàsì gbé ọwọ́ sókè kí n má fọwọ́ kan nǹkan.
Àwo kẹjọ ni wọ́n ti rí ẹni tó ni bàtà.
Ó tẹ̀ síwájú, ó fẹnu sún mọ́ ẹ̀rọ bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀:
"Ó kù díẹ̀, bàbá.
Wọ́n ṣì ń wá a."