Etí Ni Mo Fi Rí I

Iṣẹ́ tèmi ò lórúkọ nínú ìwé ìdíje.
Èmi ni mo ń fi ṣọ́bìrì tú ilẹ̀ níbi tí wọ́n ń balẹ̀ sí,
kí yìnyín tó dì bí àpáta mọ́jú
lè di ohun tí egungun ọmọ ènìyàn lè bá sọ̀rọ̀.
Mo ń gé ewé páínì wẹ́wẹ́, mo ń fọ́n ọn ká,
torí ní Kuusamo, lóṣù kejì ọdún,
funfun lókè, funfun nílẹ̀,
ẹni tó bá dorí kodò lófuurufú
kò ní mọ èwo nínú méjèèjì ló fẹ́ gbà á.

Agẹdú ni mí tẹ́lẹ̀.
Mo mọ bí igi ṣe ń ṣubú:
a máa kìlọ̀, a máa ké kó tó wó.
Saimi ọmọ mi kì í kìlọ̀.

Inú omi ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà ooru.
Wọ́n fi pákó kọ́ òkè sétí adágún,
wọ́n ń da omi sí i kó lè máa yọ̀,
ó sì ń sáré bọ̀ tòun ti síkì lẹ́sẹ̀, akoto lórí,
ó fò,
ó ta òkìtì kan, ó yí po,
ó ta èkejì, ó yí po, ó tún fẹ́ yí po.
Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, ìyípo ìkẹyìn yẹn,
tó gbọ́dọ̀ parí kí ẹsẹ̀ tó rántí ilẹ̀.
Pàù! Ẹ̀yìn ló fi gba omi.
Pàù! Ìhà.
Ìgbà mẹ́tàdínlógóje. Mo fi ọ̀bẹ fá iye rẹ̀ sára bẹ́ǹṣì
bí ẹni tó ń ka gẹdú.
Á jáde, ètè rẹ̀ á ti di aró,
á bi Pirkko, kóòṣì rẹ̀: «Apá ni àbí ojú?»
«Ojú ni. O ti ń wá ilẹ̀ kí ilẹ̀ tó wá ọ.»

Omi a máa dárí jini.
Yìnyín a máa kọ ọ́ sílẹ̀.
Gbì! Lóṣù kìn-ín-ní, èjìká rẹ̀ yẹ̀.
Ìyá rẹ̀ ò wá mọ́ láti ọjọ́ náà.
Ó ní ọmọ lòun lóyún rẹ̀,
òun ò lóyún ẹyẹ.

Èmi ń wá ní tèmi, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́:
bó bá ti kù díẹ̀ kó gbéra, ẹ̀yìn ni mo ń kọ sí i,
màá máa wo ọwọ́ ṣọ́bìrì mi bí ẹni tó rí ìbàjẹ́ lára rẹ̀.

Lónìí, aṣọ pupa orí ọ̀pá ò mì.
Pirkko gbọ́wọ́ sókè.
Mo gbọ́ síkì: ṣìììì,
ó ń le sí i, ó ń le sí i,
ó dákẹ́.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn.
Nínú rẹ̀ mo wẹ̀ fún un, mo de okùn bàtà rẹ̀,
mo bá ìyá rẹ̀ jà, a parí ìjà,
kọ́fí mi tutù, mo tún òmíràn gbé kaná.
Pirkko lọgun: «Nà! Nà! Dúró...»

Ṣàààà.
Bí ìyẹ̀fun pákó tó ń dà lẹ́nu ayùn.

Mo yíjú padà. Ó wà lórí ìdúró nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.
Ó fọwọ́ kan ilẹ̀ díẹ̀, wọn ì bá yọ máàkì níbi ìdíje.
«Ṣé ẹ rí i?»
Irọ́ ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì.
«Mo gbọ́ ọ,» ni mo wí,
ó sì wò mí pẹ́, kó tó rẹ́rìn-ín.

Ó ti ń gòkè padà báyìí.
Síkì rẹ̀ fa ilà méjì gba àárín ewé páínì mi,
wọ́n gún régé bí ojú ayùn.
Iṣẹ́ mi ni kí n tú u.
Mo fi ṣọ́bìrì tilẹ̀,
mo ṣì ń wò ó.