Ìlà Kan Ṣoṣo

Ọmọlanke ni wọ́n fi tì í wá láti Ojú Alárò,
àpótí géèmù tó ga ju ọmọ tó ń tì í lọ,
ọ̀dà ara rẹ̀ ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja,
inú rẹ̀ ń rùn bí ilé tí omi ọ̀sà ti wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Musíbáù ní, "Àǹtí, ẹ bá wa pe ọ̀gá."
Mo ní ọ̀gá ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí.
Ó wo ojú mi, ó wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn,
bí ẹni pé ọkùnrin kan ṣì máa jáde níbẹ̀.

A tan iná sí i.
Ìbọn ń dún, ọkọ̀ ogun ń gbiná,
gbogbo ìjà náà ń lọ lọ́wọ́ nínú òkùnkùn,
ṣùgbọ́n lójú dígí, ìlà kan ṣoṣo:
funfun, tín-ín-rín, ó nà gbalaja láàrin,
bí ibi tí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ti pàdé ọ̀run
lójú ẹni tó jí dé èbúté ní ìdájí.
Òkè ìlú yẹn, ilẹ̀ rẹ̀, ọ̀tá rẹ̀,
wọ́n ti wó lé ara wọn sínú ìlà yẹn.

Mo mọ àìsàn náà. Kì í ṣe pé ojú rẹ̀ fọ́.
Ohun tó ń fa àwòrán lọ sókè,
tó tún ń fà á bọ̀ wá sílẹ̀,
òun ló jáwọ́.

Mo yọ wáyà lára iná. Musíbáù nawọ́ sínú àpótí.
Mo gbá a lọ́wọ́.
"Ẹ ti pa á ná!"
A ti pa á. Kò tíì kú.
Iná tó mu láàárọ̀ ṣì wà ní ikùn dígí,
ó lúgọ sábẹ́ fìlà rọ́bà yẹn.
Òun ló ju Ọ̀gá Fàsáásì lu ògiri lọ́dún tí mo wọṣẹ́;
títí ọlọ́jọ́ fi dé,
ọmọ-ìka òsì rẹ̀ kò mọ tíì gbígbóná yàtọ̀ sí omi àmù.
"Ọwọ́ kan sínú àpò," ló máa ń wí,
"ọwọ́ kan ni kí o fi bẹ̀ ẹ́ wò,
kó má baà rí ọ̀nà gba àyà rẹ kọjá."
Mo ti ọwọ́ òsì bọ àpò.
Mo so wáyà mọ́ irin, mo ti ẹnu sikirudíráfà sábẹ́ fìlà.
Tà!
Bí ẹni ṣẹ́ egungun ẹja.
"Ìyẹn nìkan?"
Ìyẹn nìkan.

Ojú òjé kan ló là,
lílà tí kò ju irun orí lọ.
Wákàtí kan gbáko ni mo fi wá a.
Bí mo ṣe rí i ni wọ́n mú iná lọ,
ni mo bá ki irin sínú ẹyín iná Ìyá Mọ́díínà
tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù.
Ó ní tí ẹja òun bá rùn òjé, màá sanwó ẹ̀.
Ohun tó là ni mo dí,
kí ìlà lè là.

Iná padà dé lẹ́yìn ìrun Àṣárì.
Ìlà náà gbọ̀n. Ó là bí ojú ọmọ titun,
ó gòkè, ó balẹ̀, ó kún dígí fọ́fọ́,
ó sì dorí kodò!
Ọkọ̀ ogun ń rìn lájà, bọ́ǹbù ń já sókè.
Musíbáù ki orí bọ àárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì,
ó wò ó láti ibẹ̀:
"Àǹtí, ó ti dáa."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi. N kò mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀,
láti fìdáù ọjọ́ kẹjọ ọ̀gá.
Wáyà méjì ni mo gbé fún ara wọn. Mo pààrọ̀ wọn.

Ó ní kí n gbá ti àkọ́kọ́, ó fi kọ́ìnì kan sí i.
Ìṣẹ́jú kan kò pé tí wọ́n fi pa mí.
"Àǹtí, ọwọ́ méjì ni wọ́n fi ń gbá a!"
Mo wo ara mi. Òótọ́ ni.
Ọwọ́ òsì mi ṣì wà nínú àpò.